Ọkọ mi ń lù mí láti ìgbà ìjàǹbá ọkọ̀: ṣé ọtí ni, ṣé ọgbẹ́ ọkàn ni, àbí òun fúnra rẹ̀?

Ìbéèrè òǹkàwé

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ògbómọ̀ṣọ́ ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, ilé wa kò jìnnà sí Tákié. Awakọ̀ ni. Kò gbé ọwọ́ sókè sí mi rí kí ọkọ̀ tó dànù pẹ̀lú rẹ̀ ní ojú ọ̀nà àtijọ́ tó ti Ọ̀yọ́ wá, tí àwọn èrò inú rẹ̀ sì kú ní ìṣojú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni kì í ti í sùn dáadáa. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu paraga láàárọ̀, ó ń lo tramadol, oògùn ìrora, ó ní ẹ̀yìn ló ń dun òun, nígbà tó sì yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lù mí. Bí ojú rẹ̀ bá dá, á sunkún, á kúnlẹ̀, á ní kì í ṣe òun ló ṣe é. Ìyá rẹ̀ ní kí n ní sùúrù nítorí pé ara ọmọ òun kò yá. Àbúrò mi ní kí n kó ẹrù mi. Ta ni mò ń bá jà gan-an? Ṣé ẹni tó ti dà báyìí tún lè kọ́ ìkóra-ẹni-níjàánu?

* * *

Èsì

Ẹ jẹ́ kí n ti ẹ̀yìn dáhùn ìbéèrè yín: ó lè kọ́ ọ. Mo ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún ìgbà pípẹ́ láàárín àwọn tí ọtí àti òògùn olóró ti di bárakú fún, mo sì rí àwọn ọkùnrin tó kọ́ ọ, tí ọwọ́ wọn sì sọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà ń gba oṣù, nígbà mìíràn ó ń gba ọdún, nígbà tó jẹ́ pé ìṣẹ́jú kan péré ni ẹ̀ṣẹ́ tó lè fọ́ni lójú ń gbà. Nítorí náà, ibi tí ẹ̀yin àti àwọn ọmọ yóò máa sùn ní gbogbo ìgbà tí yóò fi máa kọ́ ọ ni ọ̀rọ̀ tó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ. Ìwòsàn tirẹ̀ àti ààbò tiyín kì í ṣe ohun kan náà, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so wọ́n pọ̀ débi pé ẹ ó máa dúró de ọ̀kan kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń ṣe é kò ṣàjèjì. Lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti fojú rí ikú báyìí, ọpọlọ rẹ̀ lè máa ṣọ́nà bí ẹni pé ìjàǹbá náà ṣì ń bọ̀: á máa lá àlá burúkú, fèrè ọkọ̀ lásán á mú un fò sókè, á máa yẹra fún ojú ọ̀nà ibẹ̀, kò ní í lè bá ìyàwó àti ọmọ yọ̀, inú á sì tètè máa bí i. Ọdún 1980 ni àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi orúkọ PTSD, ìyẹn ọgbẹ́ ọkàn tí irú ìjàǹbá báyìí ń fi sílẹ̀, sínú ìwé tí wọ́n fi ń dá àìsàn mọ̀, wọn kì í sì í pè é bẹ́ẹ̀ àfi bí ó bá ti lé ní oṣù kan. Ọtí ń tètè kun irú ẹni bẹ́ẹ̀ lóorun, ìdí nìyẹn tó fi ń wá a lọ, ṣùgbọ́n oorun ọtí kì í pẹ́, ó máa ń dá láàárín òru, tí ara ọjọ́ kejì á sì tún gbọ̀n ju ti àná lọ. Báyìí ni ìbẹ̀rù ń ti ènìyàn sídìí ọtí, tí ọtí náà sì ń sọ ìbẹ̀rù di púpọ̀.

Ẹ fi wé ọkọ̀ ẹrù tó ń sọ̀ kalẹ̀ òkè. Nǹkan kékeré ló ń tì í, bóyá oúnjẹ tó pẹ́ tàbí owó tí ẹ béèrè. Ẹrù tó wà nínú rẹ̀ ni àìsùn, ẹ̀dùn àwọn tó kú àti ìtìjú. Bíréèkì rẹ̀ sì ni ohun tó ń jẹ́ kí ènìyàn ronú nípa ọ̀la, nípa ọmọ tó ń wò, nípa aládùúgbò. Ọtí kì í dá ìbínú sílẹ̀ láti inú òfo. Bíréèkì náà ló ń bà jẹ́, ó sì ń dín ojú ẹni kù títí tó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ẹ sọ ni yóò máa rí.

* * *

Sí ẹni tó kọ̀wé láti Sábó, tó ní irọ́ ni ọ̀rọ̀ ọgbẹ́ ọkàn

Ẹ ní bí ọtí bá ń pa ọkùnrin náà ní tòótọ́, kí ló dé tí kì í lu alága páàkì tó ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ láràárọ̀? Àwọn tó fara mọ́ yín pọ̀, mo sì gbà pẹ̀lú yín dé ààyè kan. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ ẹni tí kò gbọ́dọ̀ lù, bíréèkì kò tíì já tán nìyẹn. N kò wá gbà pé ọgbẹ́ náà kò sí. A lè ní àìsàn, kí a sì jẹ̀bi ohun tí a fi ọwọ́ ara wa ṣe.

Arábìnrin tó kọ́kọ́ kọ̀wé, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa ni ìṣe ọkọ yín nígbà tí ojú rẹ̀ bá mọ́. Ṣé ó ń yẹ fóònù yín wò? Ṣé ó ń gba owó ọjà lọ́wọ́ yín, tàbí kó ní kí ẹ má lọ kí ìyá yín mọ́? Ṣé ibi tí aṣọ ń bò lára ló ń lù, tó ń kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìjẹgàba ni, ọtí sì kàn ń bá a ru ẹ̀bi rẹ̀ ni. Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ lè fi ọtí sílẹ̀ pátápátá kó máa fi ojú tó mọ́ ṣe ìkà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé páàkì àti ilé kò yàtọ̀, tó ń bá gbogbo ayé jà bí ó bá ti mu, tí kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá bí kò bá mu, ìtọ́jú bárakú náà lè dín ìjà kù púpọ̀. Ẹ má rò pé èyí kejì kò lè pani o. Ìtọ́jú wọn ló yàtọ̀.

Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí ọkàn wọn gbọgbẹ́ kì í lu ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń mutí. Àwọn obìnrin pẹ̀lú ń yọ nínú ọkọ̀ tó dànù, wọ́n ń padà sílé pẹ̀lú àlá burúkú kan náà, wọ́n sì ń dáná fún ọmọ wọn.

* * *

Lórí dída ọtí nù àti fífi òògùn pamọ́

Mo ka ìmọ̀ràn àwọn òǹkàwé mélòó kan tó ní kí arábìnrin náà da paraga náà nù, kí ó sì ju tramadol náà sí ṣáláńgá. N kò fara mọ́ ọn rárá, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ yé gba obìnrin tó wà nínú ewu ní irú ìmọ̀ràn yìí.

Ìdí kan ni pé ìjà á bẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tí òògùn ti di bárakú fún, tó wá a tì, tí gbogbo ara rẹ̀ ń ro ó, tí òógùn ń bò ó, kò sí nípò tí a ń dán an wò. Ìdí kejì ni pé ẹni tó ti ń mu ọtí líle lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́ kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà láìsí dókítà. Láàárín wákàtí mélòó kan sí ọjọ́ mẹ́ta, ọwọ́ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, gìrì lè mú un, ó lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀ kó sì máa bá a jà, ó sì lè kú. Mo ti rí àwọn tí wọ́n gbé wá láti ilé àdúrà nínú irú ipò yìí, lẹ́yìn tí wọ́n ti gba ọtí lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n sì tún fi ààwẹ̀ lé e. Ẹ̀mí burúkú ni àwọn ẹbí rò pé ó ń jáde. Àìsàn tí oògùn wà fún ní ilé ìwòsàn ni.

Tramadol náà ní tirẹ̀. NAFDAC, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn, kò forúkọ èyí tó ju mílígíráàmù 100 lọ sílẹ̀, síbẹ̀ 225 ni àwọn awakọ̀ ń béèrè. Àpọ̀jù rẹ̀ ń fa gìrì, bí a bá sì lò ó pọ̀ mọ́ ọtí, ó lè dá èémí dúró lójú oorun. Ìwádìí òògùn olóró tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà, tí èsì rẹ̀ tọ́ka sí ọdún 2018, fi hàn pé nǹkan bíi 14 nínú 100 àgbàlagbà ló lo òògùn olóró láàárín ọdún kan, ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 23 nínú 100. Nítorí náà, kí arábìnrin yìí má rò pé ilé tòun nìkan ló bà jẹ́. Ó ń dùn mí púpọ̀ pé kí ilẹ̀ tó mọ́ ní páàkì, ẹni tó ń ta paraga ti dé, nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tí yóò béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ bóyá ó sùn lóru àná.

* * *

«Sùúrù ni baba ìwà»

Ìyá ọkọ, pásítọ̀ kan àti àwọn àgbà méjì tó dá sí ọ̀rọ̀ yìí ló gbé òwe yìí wá. Kò sí ẹni tí yóò bá òwe náà jà. Ohun tí mo ń béèrè ni pé ta ni a ń pa á fún? Gbogbo yín pa á fún ẹni tí wọ́n ń lù. Ọkùnrin tó ń bínú ló yẹ kí sùúrù náà kọ́kọ́ kàn, òun sì ni kò sí ẹni tó ń kọ́ bí a ṣe ń ṣe é.

Nítorí pé nǹkan tí a ń kọ́ ni. Láti kékeré ni a ti ń sọ fún ọmọkùnrin pé ọkùnrin kì í sunkún, ohun tó sì ń kọ́ níbẹ̀ ni láti gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ìmọ̀lára tí a gbé mì kì í ṣe èyí tí a ti kápá. Onímọ̀ ìhùwàsí kan ní Amẹ́ríkà, James Gross, ti ṣe ìwádìí lórí èyí láti àwọn ọdún 1990: ẹni tó bá tẹ ìmọ̀lára rẹ̀ rì lè mú kí ojú rẹ̀ dákẹ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò ní í fúyẹ́, ara rẹ̀ á sì tún máa le sí i. Ẹni tó tún ohun tó ṣẹlẹ̀ rò kí inú rẹ̀ tó ru ni inú rẹ̀ ń fúyẹ́.

Ohun tí a ń kọ́ wọn kò le láti sọ, ṣíṣe é ni iṣẹ́ wà. Kí ó mọ ibi tí ìbínú ti kọ́kọ́ ń bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀, bóyá àyà tó ń gbóná tàbí eyín tó ń pa pọ̀. Kí ó lè pe ohun náà ní orúkọ: ọ̀pọ̀ wọn ń pe gbogbo nǹkan ní ìbínú, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀rù tàbí ìtìjú ni. Kí ó máa mí síta pẹ̀lẹ́, kí mímí síta náà gùn ju mímí sínú lọ. Kí ó sì ní àdéhùn tó ti ṣe nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, pé bí òun bá ti rí àmì yẹn, òun á sọ pé «mò ń jáde», òun á rìn fún wákàtí kan, òun kò ní í wa ọkọ̀, òun kò sì ní í yà sí ilé ọtí, òun á sì padà wá. Kò sí èyí tó máa ń ṣiṣẹ́ bí a kò bá ti ń fi ìgbà tí inú kò bí wa dánra wò, kò sì sí èyí tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tí kò sùn.

Ẹ ṣàkíyèsí pé òun ni gbogbo èyí jẹ́ iṣẹ́ fún. Bí ìyàwó bá wá di ẹni tó ń ṣọ́ ojú rẹ̀, tó ń gbé ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́, tó ń pa ọmọ lẹ́nu mọ́ kí bàbá má baà bínú, obìnrin náà ló ń kó ìbínú ọkùnrin níjàánu. Ara rẹ̀ ni àìsàn náà ń bọ̀ wá gbà.

* * *

Ṣé ọtí ni ká kọ́kọ́ wò ni, àbí ọgbẹ́?

Olùkọ́ tó kọ̀wé láti Under G ní wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n òun pé kó jáwọ́ nínú igbó mímu fún oṣù mẹ́fà ná kí wọ́n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ àlá burúkú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ibi ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, àwọn kan ṣì ń ṣe é. Èrò mi ni pé ó ń dá àwọn ènìyàn padà sí ìdí bárakú wọn, nítorí pé bí ọtí bá kúrò, àlá náà á dé ní kíkún, kò sì ní í sí ohun tí wọn yóò fi gbà á. Lisa Najavits ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó ṣètò ìtọ́jú tó ń mú méjèèjì pọ̀: wọ́n ń kọ́ ènìyàn bí yóò ṣe wà láìléwu lónìí, wọn kì í sì í fi ipá mú un ṣàlàyé gbogbo bí òkú ṣe sùn lójú ọ̀nà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ béèrè ní ilé ìwòsàn ni pé, ṣé wọ́n á wo méjèèjì?

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ LAUTECH àti ti Bowen wà, ìyẹn èyí tí àwọn Baptist dá sílẹ̀ ní 1907. Ẹ béèrè dókítà ọpọlọ. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ibẹ̀ lọ, ilé ìwòsàn UCH wà ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro sì wà ní Abẹ́òkúta, níbi tí dókítà ọpọlọ Lambo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1954, tó jẹ́ kí aláìsàn máa gbé láàárín ẹbí nínú abúlé. NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti òògùn olóró, náà ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́, 0800 1020 3040.

N kò bá àdúrà jà. Ẹni tó ń gbàdúrà lè máa lo oògùn. Ìdè ẹsẹ̀ àti pàṣán ni n kò gbà. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2023 ti rọ́pò òfin 1958 tó ń pe aláìsàn ní wèrè, ẹ̀tọ́ sì wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó ń gba ìtọ́jú. Kí ni a fẹ́ fi nínà wo lára ẹni tí ẹ̀rù ti sọ di báyìí?

* * *

Sí ọkùnrin tó ní ìyàwó òun ló ń mu, tó sì ń lu òun

Mo gbà yín gbọ́. Ohun gbogbo tí mo ti sọ nípa ààbò kàn yín bákan náà, ilé ìwòsàn kan náà sì ni. Ẹ má lù ú padà. Ẹ jáde, kí ẹ sì sọ fún ẹnì kan tí kò ní í fi yín ṣe ẹlẹ́yà.

* * *

Lórí ìpàdé ẹbí àti ọ̀rọ̀ òfin

Ìpàdé ẹbí wúlò bí ó bá jẹ́ pé àwọn àgbà níbẹ̀ yóò sọ fún ọkùnrin náà pé a kò gbà, tí wọ́n á sì yan ẹni tí yóò mú un dé ilé ìwòsàn. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn méjèèjì ni wọ́n fẹ́ dá lẹ́bi bákan náà, kí wọ́n sì ní kí wọ́n dì mọ́ra, kò wúlò. Bákan náà ni n kò fara mọ́ ọn kí tọkọtaya jókòó níwájú olùgbaninímọ̀ràn kan pọ̀ nígbà tí ọ̀kan ń bẹ̀rù èkejì. Ohun tí obìnrin bá sọ níbẹ̀ láago mẹ́wàá, ó lè jìyà rẹ̀ láago mẹ́jọ alẹ́. Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n rí wọn.

Òfin VAPP ti ìjọba àpapọ̀, 2015, èyí tó de ìwà ipá sí ènìyàn, ka lílu ọkọ tàbí aya sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n títí dé ọdún mẹ́ta, ó sì fún ilé ẹjọ́ láṣẹ láti fi ìwé ààbò lé ẹni tó ń luni lọ́wọ́ pé kó má sún mọ́ ẹni náà. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà ti ní òfin tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní àgọ́ ọlọ́pàá kan, ẹni tó wà nídìí tábìlì sọ fún obìnrin kan tí mo sìn lọ pé ọ̀rọ̀ ilé ni. A dúró títí a fi rí ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá náà sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ má dá lọ, kí ẹ sì mú ìwé dókítà dání.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ bi arábìnrin tó kọ̀wé: ṣé ó ti fún yín lọ́rùn rí, kódà lẹ́ẹ̀kan? Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2008 rí i pé obìnrin tí ẹnìkejì rẹ̀ ti fún lọ́rùn rí wà nínú ewu pípa tó tó ìlọ́po méje ti ẹlòmíràn. Bí ìdáhùn yín bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má dúró de ìpàdé kankan.

* * *

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e

Ẹ ṣeun, mà. Ó ti fún mi lọ́rùn rí, lẹ́ẹ̀kan, ní ìgbà ọyẹ́. Mo ti kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Òkè Àdó. Ó wá síbẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun á lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ Ajé, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ padà wálé kí ọkàn òun lè balẹ̀. Ìyá rẹ̀ náà ní bí n kò bá padà, ìyẹn ló máa pa ọmọ òun. Kí ni kí n ṣe?

* * *

Èsì

Ẹ má padà. Ẹni tó bá fẹ́ lọ fún ìwòsàn kò níláti gba ìyàwó rẹ̀ ṣe owó ìdógò kí ó tó lọ. Ìgbà tí obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé ni ewu sì ń pọ̀ sí i jù, nítorí náà kí ilẹ̀kùn ìyá yín wà ní títì lálẹ́, kí àwọn aládùúgbò mọ̀, kí olùkọ́ àwọn ọmọ sì mọ ẹni tó lè wá mú wọn. Bí ẹ kò bá tíì rí dókítà fún ọrùn yín, ẹ lọ. Bí ó bá sọ pé òun á pa ara òun, ẹ gbà á gbọ́, kí ẹ sì pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí ó lọ bá a lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin kọ́ ni kí ẹ lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní páàkì ni kí ó bá a lọ. Kí wọ́n sọ fún dókítà bí ọtí náà ti pọ̀ tó lóòótọ́ àti iye tramadol tó ń lò, kí wọ́n má gé e kù, nítorí pé orí rẹ̀ ni wọn yóò gbé oògùn lé. Kí wọ́n sọ ti ọkọ̀ tó dànù. Kí wọ́n sì sọ pé ó ń lu ìyàwó rẹ̀, pé ó ti fún un lọ́rùn. Bí ẹ̀gbọ́n bá ní ojú ń ti òun láti sọ èyí, ẹ̀yin ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹ fi rán an.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ohun tí ẹ ó máa wò kì í ṣe ẹkún rẹ̀. Ṣé ó ń lọ sí ilé ìwòsàn láìsí ẹni tó ń lé e? Bí ẹ bá sọ pé rárá fún un, kí ni ó ń ṣe? Nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀ nípa lílù tó lù yín, ṣé «mo lù ú» ni ó ń sọ, àbí «ọtí ló fà á»? Bí ìyá rẹ̀ bá tún wá, ẹ fún un ní àga, kí ẹ sì sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ nílò ẹni tí yóò máa ràn án létí oògùn lówùúrọ̀ àti lálẹ́, pé ilé òun ìyá ló yẹ kí ó ti máa lò ó fún ìgbà yìí.